Okùn Tó Kọjá àti Okùn Tó Dé: Owó Ìjọba àti Ètò Ìbánisọ̀rọ̀ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, 1886–2025

Àṣamọ̀

Láti 1886 tí okùn tẹlígíráàfù ti gba abẹ́ òkun wọ Èkó ni ìjọba ti ń ṣètò owó sórí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà ní ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà. Àpilẹ̀kọ yìí tọ ipasẹ̀ owó náà dé ìlú méjì tó wà lójú ọ̀nà láàárín Ìbàdàn àti Ìlọrin, ìyẹn Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó fi hàn pé láti ayé ojú-irin títí di ayé okùn fáíbà, kì í ṣe iye owó tí ìjọba kéde ló ń pinnu àǹfààní ìlú, bí kò ṣe ibi tí wọ́n ní kí okùn náà dúró sí. Ìlú tí kò kéré tó abúlé, tí kò sì jẹ́ olú-ìlú, ni ọ̀rọ̀ náà ká mọ́ jù lọ, nítorí pé ètò ìrànwọ́ ìjọba kò ní orúkọ kan pàtó fún un.

Ìfáárà

Ní 1886, ohun méjì ṣẹlẹ̀ tí àwọn òpìtàn kì í sábà dárúkọ pa pọ̀. Èkíní ni àdéhùn àlàáfíà tí àwọn tó ń ja ogun Kírìjì fọwọ́ sí. Èkejì ni okùn tẹlígíráàfù tí ilé-iṣẹ́ African Direct Telegraph Company tẹ́ gba abẹ́ òkun, tó so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún márùn-ún ṣáájú ìgbà náà, ní 1881, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní ti kọ̀wé sí gómìnà Èkó pé kí ó dá sí ogun náà. Samuel Johnson, ẹni tó padà di àlùfáà ní Ọ̀yọ́ tó sì kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá, ni ó gbé ìwé náà lọ. Nígbà tí okùn abẹ́ òkun wá dé, ọ̀rọ̀ gómìnà lè kúrò ní Èkó kí ó sì dé Lọ́ńdọ̀nù láàárín àkókò kúkúrú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Aláàfin bá fẹ́ bá gómìnà kan náà sọ ṣì ń fi ẹsẹ̀ rìn, ó ń ti bodè kan bọ́ sí òmíràn, ó sì ń dúró de ìgbà tí ọ̀nà bá là. Ibi tó jìnnà réré ti wá sún mọ́ Èkó ju ibi tó wà nítòsí lọ.

Ìyàtọ̀ yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, iye ni a máa ń kà: iye òpó tẹlifóònù, iye káàdì tí wọ́n tà, iye kìlómítà okùn tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Iye wọ̀nyí wúlò, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ibi tí okùn ti ṣẹ́rí, ìlú tó fò dá, àti ẹni tó san owó rẹ̀. Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ibi tó dára láti wo ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé kò sí ìgbà kankan tí wọ́n jìnnà sí ojú ọ̀nà. Bí àǹfààní kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ìdí mìíràn ló gbọ́dọ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ kí okùn tó dé

Ọ̀yọ́ ní ètò ìbánisọ̀rọ̀ tirẹ̀ kí àwọn òyìnbó tó gbé okùn dé. Àwọn ìlàrí ni ìránṣẹ́ Aláàfin, bí wọ́n ṣe ń fá apá kan orí wọn sì jẹ́ àmì tí oníbodè kò gbọdọ̀ ṣì mọ̀. Àrokò wà fún ọ̀rọ̀ tí a kò fẹ́ kí ẹnu ìránṣẹ́ tú síta: ẹyọ owó mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà sí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí, nítorí pé ẹ̀fà ni iye rẹ̀. Ìlù pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀, ó ń kéde ẹni tó ń bọ̀ kí ojú tó rí i.

Ohun méjì ló ṣe pàtàkì nínú ètò yìí fún ìtàn tó tẹ̀ lé e. Àkọ́kọ́ ni pé ìlú tí ìlàrí bá dé ni ó ń fún un ní oúnjẹ àti ibùsùn. Ìyẹn ni pé ẹni tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń dá sí ìnáwó rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní tòótọ́. Èkejì ni pé ìlú ni òpin iṣẹ́. Kò sẹ́ni tí í ka ìrìn ìlàrí sí àṣeyọrí nítorí pé ó rìn jìnnà; bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ni wọ́n rán an sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìgbà tí ó bá jẹ́ iṣẹ́ náà fún Ṣọ̀ún ni a tó lè sọ pé iṣẹ́ parí. Ìlànà kejì yìí ni ó sọnù nígbà tí ìjọba amúnisìn gba ètò náà sọ́wọ́.

Ojú-irin tó gba Òṣogbo

Ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú-irin ní 1896. Ní 1901, ojú-irin ti wọ Ìbàdàn. Ọ̀nà òwò àtijọ́ láti Ìbàdàn sí òkè ń gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìlọrin, ṣùgbọ́n ojú-irin kò tọ ọ̀nà náà. Ó yà sí apá ìlà-oòrùn, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ọ̀ffà àti Ìlọrin kọjá, ó sì dé Jẹ́bà lẹ́bàá odò Ọya ní 1909. Àwọn òpó wáyà tẹlígíráàfù ń bá ojú-irin lọ, nítorí pé reluwé kò ṣeé darí láìsí wáyà. Ìpinnu kan ṣoṣo yìí mú nǹkan méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà: ọkọ̀ tí ń kó ẹrù àti okùn tí ń kó ọ̀rọ̀. Òṣogbo di ojúkò ọjà. Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ di ìlú tó ń wo èéfín reluwé láti òkèèrè.

Ìjọba kò gbàgbé Ọ̀yọ́ pátápátá. Ní 1906, wọ́n tún ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ṣe kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè gbà á, ọ̀nà yìí sì ni a kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo iṣẹ́ tí wọ́n là á fún. Ẹrù ni ó wà láti kó jáde wá sí ibùdó reluwé ní Ìbàdàn. Ọ̀nà tí ń kó nǹkan jáde nínú ìlú ni, kì í ṣe èyí tí ń kó àǹfààní wọlé ní ìwọ̀n kan náà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ti dá ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn sílẹ̀ ní 1898, iṣẹ́ ìṣègùn wọn sì bẹ̀rẹ̀ ní 1907. Ìlú tó ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tó sì ń bá Amẹ́ríkà kọ̀wé, kì í ṣe ìlú tí kò ní ọ̀rọ̀ láti fi ránṣẹ́.

Agbára òṣèlú pẹ̀lú kópa. Láti 1914, Ọ̀yọ́ di olú-ìlú agbègbè ìṣàkóso tí Ìbàdàn fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, lásìkò Aláàfin Ládìgbòlù Kìíní àti ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tí ń jẹ́ Captain W. A. Ross. Ṣùgbọ́n ní 1934, Ìbàdàn bọ́ lábẹ́ Ọ̀yọ́, ó sì padà di olú-ìlú gbogbo ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn. Bí àga àṣẹ ṣe ṣí ni okùn ń ṣí tẹ̀ lé e. Láàárín 1946 sí 1952, nígbà tí ìjọba ń ṣe okùn ńlá tí yóò máa gbé ìpè mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, Èkó àti Ìbàdàn ni wọ́n kọ́kọ́ so pọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fà á dé Òṣogbo, Kàdúná, Kánò, Benin àti Enugu. Kò sí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ nínú orúkọ wọ̀nyí. Òṣogbo wà níbẹ̀ nítorí pé reluwé ti wà níbẹ̀, reluwé sì wà níbẹ̀ nítorí ìpinnu tí wọ́n ṣe ní ogójì ọdún ṣáájú. Báyìí ni owó ìjọba ṣe ń jogún ipa ọ̀nà ara rẹ̀.

Láti iléeṣẹ́ Posts and Telegraphs dé NITEL

Àwọn kan lè rò pé bí ọmọ ìlú bá dé ipò, okùn yóò yà sí ìlú náà. Ìtàn kò ti èrò yìí lẹ́yìn. Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́, ni mínísítà fún ètò ìbánisọ̀rọ̀ àti ọkọ̀ òfuurufú nínú ìjọba àpapọ̀ kí ó tó di olórí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn ní 1959. Ní 1964, ó di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ẹni tó jẹ oyè náà lẹ́yìn rẹ̀ ni M. K. O. Abíọ́lá, tí Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta fi jẹ ní Ọ̀yọ́ ní 1988. Abíọ́lá ni ó jẹ́ alága ITT ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ tó gba iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá lọ́wọ́ ìjọba ológun. Kakaǹfò méjì tẹ̀ léra, èkíní jẹ́ mínísítà fún ìbánisọ̀rọ̀, èkejì jẹ́ agbaṣẹ́ṣe ìbánisọ̀rọ̀. Láti 2015 sí 2019, Adébáyọ̀ Shittu, ọmọ Ṣakí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà, tún wà ní ipò mínísítà yìí. Ìlú kò ṣàìní ẹni tó mọ̀ wọ́n nílé agbára. Ohun tí kò sí ni òfin tó ní kí okùn dúró níbi tí ènìyàn pọ̀ sí.

Iye tó wà nílẹ̀ lásìkò náà kéré gan-an. Nígbà òmìnira ní 1960, òpó tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà jẹ́ 18,724, fún nǹkan bí 40 mílíọ̀nù ènìyàn. Nínú ilé-iṣẹ́ 121 tí ń pín ìpè, 116 ni ó jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ni a fi ń so ìpè mọ́ra. Àwọn ètò ìdàgbàsókè tó tẹ̀ lé òmìnira ṣèlérí púpọ̀. Ní 1985, òpó tí wọ́n ti fi lélẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 200,000, bẹ́ẹ̀ 460,000 ni wọ́n pinnu. Òpó kan ni ó wà fún ènìyàn 440, nígbà tí àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀ dábàá òpó kan fún ènìyàn 100. Ọdún 1985 yìí kan náà ni ìjọba pa apá tẹlifóònù inú ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ tí ń rí sí ìpè òkèèrè, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní NITEL.

Ìwọ̀nyí kì í ṣe nǹkan kékeré ní ìlú oníṣòwò bí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti tàn ká Òkè Ọya àti ilẹ̀ Gánà tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí ìjọba Gánà pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá 1969 pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ sílé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti àyíká rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn ní tààrà. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìlú tí kò ní tẹlifóònù tó pọ̀ tó, ẹnu awakọ̀, lẹ́tà àti rédíò ló kù fún un. Òwò tí kò lè béèrè iye ọjà kí ó tó gbéra, àti ìdílé tí kò lè mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, ni ìtumọ̀ òpó kan fún ènìyàn 440.

Gbàǹjo 2001

Ní oṣù Kìíní 2001, Àjọ NCC, tí òfin 1992 dá sílẹ̀ láti máa mójú tó ìbánisọ̀rọ̀, ta ìwé-àṣẹ tẹlifóònù alágbèéká ní gbàǹjo. Mílíọ̀nù 285 dọ́là ni iye ìwé-àṣẹ kọ̀ọ̀kan. MTN àti Econet bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún náà. Globacom dara pọ̀ mọ́ wọn ní 2003. Ètò náà yí ìtàn padà, nítorí pé fún ìgbà àkọ́kọ́, owó ń ti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni wọ àpò ìjọba dípò kí ó máa ti àpò ìjọba jáde. NITEL ní tirẹ̀ kú diẹ̀díẹ̀, títí tí ìjọba fi ta ohun ìní rẹ̀ fún NATCOM ní iye tó jẹ́ mílíọ̀nù 252.25 dọ́là.

Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, èrè rẹ̀ hàn kedere. Òpó gíga fún fóònù kò nílò wáyà láti ilé dé ilé. Níbi tí ènìyàn bá pọ̀ sí, tí ọkọ̀ sì ń gbà kọjá, ni ilé-iṣẹ́ ń gbé òpó sí, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin sì ní méjèèjì. Ohun tí owó ìjọba kò ṣe ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ọjà ṣe é láàárín ọdún díẹ̀. Oníṣòwò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè bá ẹni tó wà ní Kánò dúnàá-dúrà kí ó tó di ẹrù.

Ṣùgbọ́n ohùn ni òpó wọ̀nyí wà fún ní ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn kò wúwo; dátà wúwo. Bí òpó kan kò bá ní okùn fáíbà nísàlẹ̀, atẹ́gùn ni ó fi ń ju ọ̀rọ̀ sí òpó kejì, èyí náà yóò jù ú sí ẹ̀kẹta, títí tí yóò fi dé ibi tí fáíbà wà. Gbogbo ẹni tó ń lo àwọn òpó náà ń pín ọ̀nà tóóró kan. Nígbà tí ìpè nìkan wà, ọ̀nà tóóró tó. Nígbà tí ẹ̀kọ́, ìdánwò, ìfowóránṣẹ́ àti iṣẹ́ ọ́fíìsì bọ́ sórí ayélujára, ọ̀nà náà fún mọ́ra. Ìbéèrè àtijọ́ sì tún padà wá: ibo ni fáíbà ti dúró?

Àpò ìrànwọ́ àti ìlú tí kò ní orúkọ

Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ti 2003 gbà pé ọjà kò ní dé ibi gbogbo. Nítorí náà, ó dá àpò owó kan sílẹ̀ tí a mọ̀ sí USPF. Lára owó tí ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ń san fún NCC lọ́dọọdún ni ó ti ń wá, pẹ̀lú ohun tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá yà sọ́tọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ìbánisọ̀rọ̀ dé ibi tí kò tíì dé àti ibi tí kò tó. Ó yẹ kí a rántí pé owó yìí kì í ṣe ọrẹ. Ilé-iṣẹ́ ń san án, ṣùgbọ́n ọwọ́ oníbàárà ni ilé-iṣẹ́ ti ń rí i. Ìyálọ́jà tó ra káàdì ìpè ní ọjà Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ń dá sí àpò náà bí ẹni tó ń gbé Èkó ṣe ń dá sí i.

Ìṣòro ibẹ̀ wà nínú ọ̀nà tí a gbà pín ìlú. Ètò ìrànwọ́ mọ abúlé, ó sì mọ ìgbèríko. Ilé-iṣẹ́ aládàáni mọ Èkó, Àbújá, Port Harcourt àti Ìbàdàn. Ìlú tó wà láàárín méjèèjì kò ní orúkọ. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì tó pín Ògbómọ̀ṣọ́, Àríwá àti Gúúsù, ní nǹkan bí 300,000 ènìyàn nínú ìkànìyàn 2006. Ìlú tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè pe ara rẹ̀ ní ìgbèríko tí ìbánisọ̀rọ̀ kò dé, nítorí pé òpó wà níbẹ̀. Kò sì lè fa ilé-iṣẹ́ mọ́ra bí olú-ìlú ṣe ń fà á, nítorí pé àwọn tó lè san owó gọbọi lóṣooṣù kò pọ̀ tó níbẹ̀. Ó pọ̀ ju ẹni tí à ń ràn lọ́wọ́, ó sì kéré sí ẹni tí à ń bá dòwò.

Àpẹẹrẹ tó fi èyí hàn jù lọ ni ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1990. Ní Ọ̀yọ́, Yunifásítì Àjàyí Crowther wà, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-ẹ̀kọ́ ìwọnlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ àkànṣe. Nígbà tí wọ́n ṣe NgREN, okùn tó so ilé-ẹ̀kọ́ gíga pọ̀ mọ́ra fún ìwádìí pẹ̀lú ìrànwọ́ Báńkì Àgbáyé, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ 27 ni ìpele àkọ́kọ́ wà fún. Yunifásítì Ìbàdàn wà lára wọn. Yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ti Ọ̀yọ́ sì jẹ́ ti ìjọ, nítorí náà méjèèjì kò sí nínú ìpele náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ yọ ìlú méjèèjì kúrò. Òdiwọ̀n tí wọ́n lò ni kò kàn wọ́n, gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n reluwé kò ṣe kàn wọ́n ní 1907.

Ètò méjì, ìlérí mẹ́ta

Ètò ayélujára oníyára àkọ́kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe wà fún 2013 sí 2018, nígbà tí Ọmọ́bọ́lá Johnson jẹ́ mínísítà. Ó fẹ́ kí 30 nínú 100 ènìyàn ní ayélujára oníyára kí ètò náà tó parí. Èkejì, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kẹta 2020, fẹ́ kí ó jẹ́ 70 nínú 100 ní 2025, kí ìyára rẹ̀ má sì dín sí 25 Mbps nínú ìlú ńlá àti 10 Mbps ní ìgbèríko. Nígbà tí 2024 ń parí lọ, iye tí NCC kéde kò tíì tó ìdajì.

Láàárín ètò méjèèjì ni ìlérí kan wà tó sún mọ́ ohun tí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ nílò. NCC pín orílẹ̀-èdè sí ẹkùn, ó sì fún ilé-iṣẹ́ kan ní ìwé-àṣẹ láti tẹ́ fáíbà ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan. O'dua Infraco ni ó gba ti Ìwọ̀-oòrùn Gúúsù. Ìjọba yóò san owó ìrànwọ́ bí iṣẹ́ bá ti ń parí ní ìpele-ìpele. Ohun tó ya ètò yìí sọ́tọ̀ ni pé ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ó fi ṣe òdiwọ̀n: ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ojú ibi kan gbọ́dọ̀ wà tí okùn ti là tí ará ìlú fi lè mu nínú rẹ̀. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ibi tí okùn dúró sí di òdiwọ̀n dípò bí ó ṣe gùn tó. Títí tí ètò 2020 sí 2025 fi ń lọ sí òpin, iṣẹ́ náà kò rí bí wọ́n ṣe gbèrò rẹ̀.

Ìlérí kejì jẹ́ ti owó ojú ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ rì okùn sẹ́bàá títì gbọ́dọ̀ sanwó fún ìjọba tó ni títì náà. Ní 2013, ìjọba àpapọ̀ àti àwọn gómìnà fẹnu kò sí naira 145 fún mítà kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń gba ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ní 2020, Èkìtì dín tirẹ̀ kù láti naira 4,500 sí 145. Ìyàtọ̀ yìí fi hàn pé ìjọba lè fi ọwọ́ ọ̀tún fún ni ní ìrànwọ́, kí ó sì fi ọwọ́ òsì gbà á padà. Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìṣòro mìíràn kún un. Iṣẹ́ títì alápá méjì tó wà láàárín ìlú méjèèjì, tó gùn tó nǹkan bí 52 kìlómítà, ti pẹ́ gan-an lórí títẹ́. Níbi tí katakata bá ti ń wú ilẹ̀, okùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní ìsinmi. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ fi àṣẹ kan sọ ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ di ohun tí òfin ń dáàbò bò fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n àṣẹ nìkan kò lè ṣọ́ kòtò.

Ìlérí kẹta ni ó tóbi jù. Ní oṣù Karùn-ún 2024, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ tí yóò fi 90,000 kìlómítà fáíbà kún nǹkan bí 35,000 tó ti wà nílẹ̀, kí àpapọ̀ rẹ̀ lè di 125,000. Iṣẹ́ náà ni wọ́n ń pè ní Project BRIDGE, nǹkan bí bílíọ̀nù méjì dọ́là ni wọ́n fojú bù fún un, Báńkì Àgbáyé sì wà lára àwọn tí ìjọba ń bá ṣètò owó rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ìjọba àti àwọn aládàáni jọ ni ni yóò máa darí rẹ̀. Lóṣù Kìíní 2025, NCC sì ti gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi tó 50 nínú 100 kún owó ìpè àti dátà, kí wọ́n lè rí owó tún iṣẹ́ wọn ṣe. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń lo fóònù ní Ọ̀yọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ìdàgbàsókè náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ẹni tó bá wo 90,000 kìlómítà lè sọ pé kò sí bí irú okùn bẹ́ẹ̀ kò ṣe ní gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkọjá kọ́ ni dídé. A kì í dá okùn fáíbà lu bí ẹni dá páìpù omi lu. Níbi tí ìlú yóò bá ti mu nínú rẹ̀, ilé gbọ́dọ̀ wà, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà tí yóò yọ ìmọ́lẹ̀ náà jáde, iná mànàmáná tí kì í kú gbọ́dọ̀ wà, ènìyàn tó mọ iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Bí ìwọ̀nyí kò bá sí nínú ìwé àdéhùn, okùn tó so Ìbàdàn mọ́ Ìlọrin yóò gba ẹ̀yìnkùlé yunifásítì kọjá láì kí i. Yorùbá gbà pé kò yẹ kí ẹni tó ń gbé etí odò máa fi itọ́ bọ́jú.

Ohun tí ìtàn láti 1886 fi kọ́ni ni pé owó ìjọba kì í ṣìnà. Ibi tí òdiwọ̀n rẹ̀ bá darí rẹ̀ sí ni ó ń lọ. Nígbà tí òdiwọ̀n jẹ́ ẹrù reluwé, ó gba Òṣogbo. Nígbà tí ó jẹ́ àga àṣẹ, ó dúró sí Ìbàdàn. Nígbà tí ó jẹ́ iye òpó, kò dé ibì kan dáadáa. Nígbà tí ó jẹ́ ìgbèríko, ó fo ìlú tó wà láàárín dá. Kìlómítà ni òdiwọ̀n tí à ń gbọ́ jù lọ báyìí, kìlómítà sì jẹ́ òdiwọ̀n tó rọrùn láti pé láìṣe ìlú kankan lóore. Ètò 774 tí kò rí bí wọ́n ṣe gbèrò rẹ̀ ti fi hàn pé òdiwọ̀n mìíràn ṣeé kọ sílẹ̀: kí a ka ìlú tí okùn ti là, kí a sì kéde orúkọ wọn ní gbangba, kí ẹni tí owó rẹ̀ wà nínú rẹ̀ lè wò ó bóyá orúkọ ìlú òun wà níbẹ̀.

Àwọn ìlàrí mọ ìlànà yìí kí òkun tó gbé okùn wá. Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tó wá jábọ̀ pé òun rìn dé Ìlọrin, kò tíì jíṣẹ́.